Harry Vardon: Ọ̀gá agbágọ́ọ̀fù tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń ga

Bí ẹ bá rí agbágọ́ọ̀fù tó fi ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún lé ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò òsì, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà Harry Vardon ló ń tọ̀.

Erékùṣù Jersey ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ọdún 1870. Iṣẹ́ ọgbà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, owó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Lọ́mọ ogún ọdún, ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ tọ́jú pápá gọ́ọ̀fù.

Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ló máa ń fi ọ̀pá yí ara ká, bí ẹni ń fi àdá ṣánko. Bọ́ọ̀lù wọn á fò nílẹ̀, á wá yí lọ jìnnà. Vardon ò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀. Ó máa ń gbé ọ̀pá ga gan-an kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ojú ọ̀pá gọ́ọ̀fù dà sẹ́yìn díẹ̀; tí ọwọ́ méjèèjì bá ṣiṣẹ́ pọ̀, tí ojú ọ̀pá ò dojú bolẹ̀ nígbà tó kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á gbéra, á máa yí sẹ́yìn nínú afẹ́fẹ́. Yíyí yẹn ló ń gbé e dúró lókè. Tó bá wá balẹ̀, kì í sáré lọ mọ́.

Ọdún 1896 ló kọ́kọ́ gba ife-ẹ̀yẹ Open ní Muirfield, lẹ́yìn tó borí J.H. Taylor, ẹni tó ti gbà á lọ́dún méjì léraléra. Ó tún gbà á ní 1898 àti 1899. Ní 1900, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì gba tiwọn náà.

Àmọ́ ikọ́ ife wọlé dé. Ní 1903, ara rẹ̀ ò yá rárá nígbà tó gba Open ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ní Prestwick. Tom àbúrò rẹ̀ ló ṣe ipò kejì. Ilé ìwòsàn ló gbà lọ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó padà dé, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣì ń ga, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ máa ń gbọ̀n tó bá fẹ́ rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò. Síbẹ̀, ó gba Open ní 1911 àti 1914, ó pé mẹ́fà. Kò tíì sẹ́ni tó bá a dọ́gba.

Ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, ọdún 1937 ló dágbére fáyé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ gọ́ọ̀fù, ẹ má fagídí bu bọ́ọ̀lù sókè o. Ojú ọ̀pá ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣe é.