Kathleen Drew-Baker: Obìnrin tí kò dé Japan rí, tó di 'Ìyá Òkun' fún àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin bá ti pé, àwọn tó ń dáko koríko òkun a máa péjọ síwájú òkúta ìrántí kan nílùú Uto, lórílẹ̀-èdè Japan. Obìnrin òyìnbó kan tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wọn rí ni wọ́n ń bọlá fún. Ìyá Òkun ni wọ́n ń pè é.

Ọdún 1901 ni wọ́n bí Kathleen Drew nílùú Leigh, ní England. Ó gboyè nínú ìmọ̀ ewéko ní Fásitì Manchester lọ́dún 1922, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ Henry Wright Baker lọ́dún 1928, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òfin fásitì náà kò fàyè gba obìnrin tó ti lọ́kọ láti máa ṣe olùkọ́. Ó bí ọmọ méjì, síbẹ̀ kò pa ìwádìí tì, bí kò tilẹ̀ sí owó oṣù.

Koríko òkun pupa kan tí wọ́n ń jẹ ní Wales ló gbájú mọ́. Ìbátan koríko yìí ni wọ́n fi ń ṣe nori, ewé pẹlẹbẹ tí àwọn ará Japan fi ń wé ìrẹsì. Ìgbà òtútù ló máa ń hù. Bí ooru bá dé, a pòórá, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí irúgbìn rẹ̀ ń sá pamọ́ sí. Àwọn àgbẹ̀ kàn ń ri ọparun mọ́ etíkun ni, wọn a sì máa retí ohun tí omi bá gbé wá. Abájọ tí wọ́n fi ń pè é ní koríko onítẹ́tẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìkórè wọn bàjẹ́ gidigidi.

Ní Manchester, Kathleen kó irúgbìn koríko náà, tí ojú lásán kò lè rí, sínú omi òkun tí ìkarahun wà nínú rẹ̀. Àwọn irúgbìn náà wọnú ìkarahun, wọ́n sì hù bí òwú pupa tín-ín-rín. Àwọn onímọ̀ ti rí irú òwú bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì rò pé ewéko mìíràn ni. Kathleen fi hàn pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ó gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature lọ́dún 1949.

Sokichi Segawa, onímọ̀ ará Japan, mú ìmọ̀ yìí lò. Láìpẹ́, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin irúgbìn sínú ìkarahun nínú àgbá omi. Bí omi bá ti tutù, òwú inú ìkarahun a tú irúgbìn tuntun jáde, èyí a lẹ̀ mọ́ àwọ̀n, wọn a sì na àwọ̀n náà sójú òkun. Bí tẹ́tẹ́ ṣe di iṣẹ́ àgbẹ̀ nìyẹn.

Kathleen kú lọ́dún 1957, lẹ́ni ọdún 55. Lọ́dún 1963 ni wọ́n gbé òkúta ìrántí rẹ̀ kalẹ̀ ní Uto, níbi tó ti kọjú sí òkun tí wọ́n ń dáko sí.