Edward Drinker Cope

Edward Drinker Cope (28 Oṣù Keje 1840 – 12 Oṣù Kẹrin 1897) jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí egungun àwọn ẹranko ayé àtijọ́ tí ó ti di òkúta. Òun ni ó sọ Dimetrodon lórúkọ ní ọdún 1878.

Ìlú Philadelphia ni wọ́n bí i sí, nínú ẹbí Quaker tí ó rí já jẹ. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó di àgbẹ̀, ó tilẹ̀ ra oko fún un. Cope fi oko náà háyà fún ẹlòmíràn, ó sì ń fi owó rẹ̀ ṣe ìwádìí.

Ìkánjú ni àléébù rẹ̀. Nígbà tí ó to egungun Elasmosaurus, ẹranko ọlọ́rùn gígùn tí ó gbé inú òkun, ó fi orí rẹ̀ sí ṣóńṣó ìrù. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn ère òkúta Èsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, tí orí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kán kúrò lọ́rùn, kò ní fi í ṣe ẹlẹ́yà jù. Joseph Leidy fi àṣìṣe náà hàn ní 1870, Cope sì gbìyànjú láti gba àwọn ẹ̀dà ìwé rẹ̀ padà. Othniel Charles Marsh, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó di ọ̀tá, kò jẹ́ kí ó gbàgbé rẹ̀.

Láti inú ilẹ̀ pupa Texas ni Jacob Boll, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ti ń kó egungun fún Cope. Eyín ẹranko kan nínú wọn gùn níwájú, ó kúrú lẹ́yìn, nítorí náà ni Cope ṣe pè é ní Dimetrodon, èyíinì ni eyín oníwọ̀n méjì. Ẹran ni ó ń jẹ, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì nà sókè bí ìgbòkun ọkọ̀. Àwọn tí ń pè é ní dáínásọ̀ ṣì í mú: ó ti parẹ́ ní nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ọdún kí dáínásọ̀ tó dé, àwa tí a mu ọmú ìyá ni ó sì bá tan jù. Ní ọdún kan náà ni Marsh sọ ìbátan rẹ̀ méjì, Sphenacodon àti Ophiacodon, lórúkọ. Ní 1890, ìjà wọn dé ojú ìwé ìròyìn New York Herald.

Owó Cope run sínú ìwakùsà fàdákà. Ní 1895, ó ta ọ̀pọ̀ egungun rẹ̀ fún ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ẹ̀dá ní New York. Ìwé tí ó kọ tó nǹkan bí 1,400. Ó fi òkú ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí, wọn kò sì sin egungun rẹ̀.