William Gosset: òṣìṣẹ́ ilé ọtí tí ayé mọ̀ sí Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń yẹ ọjà wò nílé iṣẹ́ ní Bramalea níbí mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè tú gbogbo ẹrù wò. Mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ ó mú nínú ẹgbẹ̀rún. Ṣé mẹ́rin yẹn lè sọ òótọ́ nípa ìyókù? Ẹni tó wá ojútùú sí ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì. Òṣìṣẹ́ ilé ọtí ni.

Canterbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí William Sealy Gosset lọ́dún 1876. Ó kàwé ní Oxford, ó sì wọṣẹ́ Guinness ní Dublin lọ́dún 1899. Bẹ́ẹ̀ ni, Guinness tí àwọn bàbá yín ń mu lóde àríyá, tí wọ́n wá kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí Ìkẹjà láwọn ọdún 1960.

Gosset gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọkà báálì dára kí wọ́n tó fi pọn ọtí. Àyẹ̀wò ń náni lówó, díẹ̀ ló sì ń rí ṣe, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò púpọ̀ ni ìṣirò ìgbà náà nílò. Lọ́dún 1906 ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Karl Pearson ní London.

Ọ̀nà tó gbà dán ìṣirò tirẹ̀ wò ló wú mi lórí jù. Ó mú ìwọ̀n gíga àti ìka àárín ọwọ́ òsì àwọn ọ̀daràn 3,000 tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kọ wọ́n sórí páálí pélébé, ó pò wọ́n pọ̀ bí ẹni po káàdì, ó wá ṣà wọ́n ní mẹ́rin-mẹ́rin títí ó fi ní ìdì 750. Ó ti mọ òótọ́ nípa gbogbo 3,000 náà, torí náà ó lè rí i bí mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ṣe ṣìnà tó.

Ó tẹ ìṣirò náà jáde lọ́dún 1908 nínú Biometrika. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ kí àṣírí tú, torí náà kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. “Student” ló kọ, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́. Àwa Yorùbá tí a fẹ́ràn orúkọ tó báyìí, mélòó nínú wa ló máa gbà? Òun ló ni “Student’s t-test” tí wọ́n fi ń yọ yín lẹ́nu ní yunifásítì.

Òun àti Ronald Fisher jiyàn gan-an lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n pín ilẹ̀ tí wọ́n fi ń dán irúgbìn wò. Fisher ní kí wọ́n ṣẹ́ kèké. Gosset ní kí wọ́n tò ó kí ilẹ̀ ọlọ́ràá àti ilẹ̀ tó ti ṣá kan irúgbìn méjèèjì bákan náà, kí wọ́n sì tún un ṣe ní oko púpọ̀. Síbẹ̀, wọn kò di ọ̀tá.

Lọ́dún 1935 ó kó lọ sí London láti bójú tó ilé ọtí tuntun ní Park Royal. Ó kú ní oṣù Ọ̀wàwà ọdún 1937, lẹ́ni ọdún 61.