Grace Hopper: Ìyá Tó Ní Kí Á Máa Fi Ọ̀rọ̀ Ènìyàn Rán Kọ̀ǹpútà Níṣẹ́

Ní sáà tó kọjá, mo kọ ètò kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ láyé mi. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo rán an: kó gbé gbólóhùn Yorùbá kan jáde sí ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní console. Ó gbé e jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ẹ àti ọ wà, àmì ìbéèrè ni mo rí. Inú bí mi. Ibi tí mo ti ń wádìí ẹni tó ní kí Gẹ̀ẹ́sì máa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni mo ti pàdé Grace Hopper. Ìtàn rẹ̀ yà mí lẹ́nu, torí òun gan-an kò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan.

New York ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1906. Ìmọ̀ ìṣirò ló kà, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yale ní 1934, ó sì ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Vassar. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó fẹ́ wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kò sanra tó. Kò gbà fún wọn títí wọ́n fi yọ̀ǹda. (Ẹ̀yin lẹ́pa ẹ̀ka wa, ẹ gbọ́ o.)

Ní 1944, wọ́n gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ Mark I ní Harvard. Ẹ̀rọ yìí kò ní ojú tí èèyàn lè wò bíi ti òde òní. Páálí onihò àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníná ló fi ń dáhùn. Bí ẹnì kan níbẹ̀ bá ti kọ ègé ètò kan tó ṣiṣẹ́, á tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, àwọn yòókù á wá dà á kọ. Níbi àdàkọ yẹn ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ní 1952, nígbà tó ti wà ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà UNIVAC ní Philadelphia, ó fún ègé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó kó wọn sórí téèpù, ó wá kọ ètò tó ń jẹ́ A-0, tó máa ń ṣa èyí tí èèyàn bá fẹ́, tí á sì so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Títí di òní, ègé ègé la ṣì ń to ètò.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Hopper fẹ́ kí àwọn oníṣòwò máa fi ọ̀rọ̀ gidi pàṣẹ dípò àmì ìṣirò. Láti fi hàn pé ó ṣeé ṣe, ó kọ ètò kan náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Faransé àti ní Jámánì. Àyà àwọn ọ̀gá já: báwo ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní Philadelphia ṣe máa gbọ́ Faransé? Àwa tí a ka Saussure ní ọdún kìíní mọ̀ pé kò sí okùn tó so ọ̀rọ̀ mọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ju àdéhùn lọ. Hopper náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ló ni owó, ó sì ní láti ṣèlérí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òun máa lò.

Bẹ́ẹ̀ ni FLOW-MATIC ṣe di ti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan jókòó ní 1959 láti ṣe COBOL, orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn lé. Ìpín mẹ́rin ni ètò COBOL ní. Ọ̀kan ń dárúkọ ẹ̀rọ tí a ń lò. Nínú òmíràn ni àṣẹ DISPLAY wà, tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde. Bí ẹ bá gbé ètò lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, ìpín ẹ̀rọ ló yẹ kí ẹ tún ṣe jù.

Ẹni ọdún 79 ni nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní 1986. Ó kú ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1992.

Lónìí, èdè kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ Yorlang. Sọpé ni DISPLAY tirẹ̀. Mo ti tún ètò tèmi ṣe. Àmì ìbéèrè ti lọ, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode. Ọ ní tirẹ̀, àmì ohùn ní tirẹ̀. Lórí ojú dúdú mi, ẹ̀gbẹ́ ni àmì ohùn ṣì ń dúró sí.