Philippe Gaucher

Philippe Charles Ernest Gaucher (ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1854 – ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1918) jẹ́ oníṣègùn ọmọ orílẹ̀-èdè Fránsì. Òun ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àìsàn àjogúnbá tí a mọ̀ sí àìsàn Gaucher lónìí. Nínú àìsàn yìí, irú ọ̀rá kan tí ó yẹ kí ara tú palẹ̀ máa ń kó jọ sínú sẹ́ẹ̀lì.

Ìgbésí ayé àti iṣẹ́

A bí Gaucher ní Champlemy, ní agbègbè Nièvre. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ìlú Paris. Ní ọdún 1882, nínú ìwé tí ó kọ fún oyè dókítà, ó ròyìn obìnrin ẹni ọdún 32 kan tí ọlọ inú rẹ̀ wú kọjá ààlà. Ọlọ inú ni ẹ̀yà ara tí ó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, tí ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Gaucher rí àwọn sẹ́ẹ̀lì ńláńlá tí kò wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì gbà pé irú àrùn jẹjẹrẹ kan ni. Ohun tí ó rí tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí ó fún un kò tọ̀nà. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì náà títí dòní.

Àìsàn yìí kọ́ ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Àrùn awọ ara àti àrùn ìbálòpọ̀ ni ó yàn láàyò. Ní ọdún 1902, ó gba ipò ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́ Alfred Fournier ní ilé ìwòsàn Saint-Louis ní Paris. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó tún ṣiṣẹ́ oníṣègùn fún àwọn ọmọ ogun. Ó kú kí ogun náà tó parí.

Ohun tí a wá mọ̀ nípa àìsàn náà

Ní ọdún 1934, Henriette Aghion fi hàn pé ọ̀rá tí à ń pè ní glucocerebroside ni ó ń kó jọ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Ní ọdún 1955, Christian de Duve ṣàwárí láísósóòmù, ìyẹn àpò kékeré inú sẹ́ẹ̀lì tí ẹ́ńsáìmù ti ń tú àwọn èròjà palẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1965, Roscoe Brady àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé ẹ́ńsáìmù tí ó yẹ kí ó tú ọ̀rá yìí kò tó lára àwọn aláìsàn. Ẹni tí ó bá jogún jíìnì tí ó lábùkù lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni àìsàn náà máa ń ṣe.

Ìtọ́jú

Láti ọdún 1991 ni a ti ń fi ẹ́ńsáìmù ránṣẹ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn. Ẹ́ńsáìmù kì í ṣe ohun tí a lè gbé mì, nítorí pé ikùn yóò dà á bí oúnjẹ. Ó sì tóbi ju èyí tí ó lè ti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi wá òògùn oníhóró tí èròjà rẹ̀ kéré.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni láti dín ọ̀rá tí ara ń ṣe kù, kí ìwọ̀nba ẹ́ńsáìmù tí ó ṣẹ́ kù lè ká a. Báyìí ni miglustat, tí a fọwọ́ sí ní Yúróòpù ní ọdún 2002, àti eliglustat, tí a fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2014, ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà kejì ni láti lo òògùn tí yóò so mọ́ ẹ́ńsáìmù tí kò ká dáadáa, kí ó lè dúró bí ó ti yẹ, kí ó sì dé láísósóòmù. Àwọn onímọ̀ ń dán ambroxol, tí a ti ń lò fún ikọ́ tẹ́lẹ̀, wò fún iṣẹ́ yìí.

Àwọn òògùn wọ̀nyí ti ran ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó ní ẹ̀yà kìíní àìsàn náà lọ́wọ́: ọlọ inú àti ẹ̀dọ̀ wọn ń fà sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń sunwọ̀n sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kejì àti ìkẹta máa ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́, ìwọ̀nyí ni ìtọ́jú kò tíì ká.