Suzanne Valadon: ẹni tí àwọn ayàwòrán ń yà, tó padà di ayàwòrán

Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1865 ni wọ́n bí Suzanne Valadon ní Bessines-sur-Gartempe, nítòsí Limoges, ní ilẹ̀ Faransé. Marie-Clémentine ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Kò mọ bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló gbé e lọ sí àdúgbò Montmartre ní Paris, inú ìṣẹ́ ló sì ti dàgbà.

Láti kékeré ló ti ń ṣiṣẹ́ jẹun. Ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń tàkìtì fún èrò ìwòran, ṣùgbọ́n ó jábọ́, ó fara pa, iṣẹ́ náà sì parí. Ló bá di ẹni tó ń gbowó dúró kí àwọn ayàwòrán máa yà á. Puvis de Chavannes yà á, Toulouse-Lautrec yà á, Renoir náà yà á níbi tó ti ń jó, ní 1883. Kò lówó ilé ẹ̀kọ́; ojú ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Nígbà tí Degas rí àwòrán tó ń yà, ó rà nínú wọn, ó sì gbà á níyànjú. Ní 1894, ìpàtẹ Société Nationale des Beaux-Arts gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé.

Láyé ìgbà náà, ọkùnrin ló ń ya obìnrin níhòòhò. Obìnrin kì í sábà ya ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ní 1909, Valadon ya ara rẹ̀ àti André Utter, olólùfẹ́ rẹ̀ tó fi ogún ọdún jù, gẹ́gẹ́ bí Ádámù àti Éfà. Ewé ni wọ́n padà fi bo ìhòòhò ọkùnrin náà; ti obìnrin wà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Maurice Utrillo, sọ ọtí di oúnjẹ. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní àwòrán yíyà kó lè gbàgbé ìgò. Ọtí kò fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó di gbajúmọ̀ ayàwòrán, òkìkí rẹ̀ sì bo ti ìyá mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ní 1923, Valadon ya obìnrin kan tó fẹ̀yìn ti orí ibùsùn pẹ̀lú ṣòkòtò aláàlà, sìgá lẹ́nu, ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Kò wá ojúure ẹnikẹ́ni.

Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1938, ní ẹni ọdún 72. Ní 2025, Centre Pompidou ní Paris pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé wò. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò pè é ní ìyá Utrillo. Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ sára ògiri.