Ìtàn Ọ̀mọ̀wé N. A. Fádípẹ̀, Ẹni tí ó Fi Ìṣe Yorùbá Gba Oyè ní Lọ́ńdọ̀nù

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n kọ ìtàn ẹni ńlá kan sínú ìwé yìí, mo mọ̀ pé Awólọ́wọ̀ tàbí Àjàyí Crowther ni ọ̀pọ̀ yóò máa retí. Ẹlòmíràn ni mo mú. Àwọn tí ó lọ sí yunifásítì mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Àwa tí a jókòó ti ọjà ni a kò gbọ́ ọ rí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wa gan-an ni ọkùnrin náà kọ.

Ọdún 1893 ni a bí Nathaniel Akínrẹ̀mí Fádípẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọdún náà ni Gómìnà Carter rin ilẹ̀ Yorùbá já, tí ó ń bá àwọn ọba ṣe àdéhùn, tí àwọn ọmọ ogun Kírìjì sì tú ká kúrò ní ibùdó. Nítorí náà, àwọn tí ó tọ́ ọ dàgbà fi ojú ara wọn rí Yorùbá ti àtijọ́, òun náà sì bá ti òde òní. Ó kàwé ní CMS Grammar School ní Èkó, ó sì ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Kò tètè rí ọ̀nà lọ. Ó ti lé ní 30 ọdún kí ó tó kúrò nílé lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé kò sí yunifásítì kan ní Nàìjíríà nígbà náà. Ọdún 1948 ni ti Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wọ̀ ni London School of Economics, tí ó jẹ́ ẹ̀ka kan lára Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ní ayé ìgbà náà, bí ènìyàn bá ní ọmọ òun wà ní òkè òkun, ohun tí a ń retí ni pé kí ó dé bí lọ́yà tàbí dókítà. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbi tí Fádípẹ̀ lọ yàtọ̀: bí owó ṣe ń rìn, bí ìjọba ṣe ń ṣe é, bí àwọn ènìyàn ṣe ń bá ara wọn gbé. Ó gba oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1929. Ó tún kọjá sí Amẹ́ríkà, ó gba oyè kejì ní Yunifásítì Columbia ní New York. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣe olùkọ́ ní Achimota ní ilẹ̀ Gold Coast. Ẹ̀yin tí òbí yín gbé Gánà kí ìjọba Busia tó lé wa ní 1969 kò ní ṣàì mọ Achimota. Bàbá mi a máa fi í búra bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ìwé.

Ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù lọ wá oyè ọ̀mọ̀wé. Yorùbá ni ó mú ṣe kókó ìwádìí rẹ̀. Ó kọ nípa agbo-ilé àti agbára baálé, nípa ìgbéyàwó àti àna, nípa ọba àti ìjòyè, ọjà, ọ̀wẹ̀, èsúsú, ìwọ̀fà, òrìṣà, àti bí ìwà àwọn òyìnbó ṣe ń yí gbogbo rẹ̀ padà. Ní 1939 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù fún un ní oyè náà. Ó ti pé ọmọ ọdún 45, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń sọ pé orí àwọn kò lè gba ẹ̀kọ́ mọ́.

Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni ogun Hitler bẹ́ sílẹ̀. Jomo Kenyatta wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Òun kọ ti àwọn Kikuyu, wọ́n sì ti tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1938. Ti Fádípẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944 láì rí iṣẹ́ náà kí ó di ìwé. Ọdún 26 lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ méjì ní Ìbàdàn, Francis Olú Òkédìjí àti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tún un tò, tí ilé ìtẹ̀wé yunifásítì náà sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1970. Àwọn tí ó bá ń kọ́ nípa Yorùbá kì í fò ó dá títí di òní. Ó dùn mí pé ẹni tí ó ni ín kò rí i.

Báwo ni èmi oníwèé mẹ́fà ṣe mọ èyí? Ọmọbìnrin mi ni. Yunifásítì Jos ni ó wà, tí ìjọba dá sílẹ̀ níhìn-ín ní 1975. Nígbà tí ó ní ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀ ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní sosiọ́lọ́jì, ni òun fẹ́ kọ́, mo ní kí ó lọ kọ́ òfin. Mo bínú fún oṣù méjì. Mo bi í léèrè ohun tí ènìyàn ń fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tà lọ́jà. Ìgbà ìsinmi kan ni ó gbé ìwé Fádípẹ̀ wá sí ìsọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà, òun ni ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi bí ọjà bá dá.

Èsúsú ni ó kọ́kọ́ kà. Ẹ wò ó, ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Bí 20 ènìyàn bá ń dá ₦5,000 lọ́sẹ̀, ẹni tí ó kàn yóò kó ₦100,000, láìsí báńkì, láìsí èlé. Ìdí tí ẹni tí ó kọ́kọ́ kó kò fi ń sá lọ ni ọ̀rọ̀ wà. Orúkọ ilé rẹ̀ ni, àti ojú tí yóò fi wo àwọn ìyókù lọ́jà. Mo ti ń dá èsúsú láti ìgbà tí mo ti ń ṣe ọmọ iṣẹ́, èmi kò jókòó rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Fádípẹ̀ kà á sí ohun tí ó yẹ kí a fi gba oyè. Ó sì níbi tí èmi ti bá ọmọ mi jiyàn, nítorí pé bí a ṣe ń ṣe é níhìn-ín, tí Tápà àti Hausa wà nínú rẹ̀, kò bá ti inú ìwé dọ́gba. Ó ní kí n má jiyàn, kí n sọ ọ́ kí òun kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ní láti jẹ́wọ́ kan. Nígbà tí wọ́n dábàá nípàdé pé kí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí a ń kó jọ lónìí jẹ́ ti àwọn tí ń kọ́ ìṣègùn, òfin àti ẹ̀rọ nìkan, mo wà lára àwọn tí ó nawọ́ sókè. Ká ní àwọn ará Abẹ́òkúta ní irú òfin bẹ́ẹ̀, Fádípẹ̀ kò ní rí kọ́bọ̀ gbà. N óò tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí mi.

Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀ lórí bí àwọn òbí wa ṣe kúrò ní Gánà tí wọ́n sì tún ọjà bẹ̀rẹ̀ ní Jos. Orúkọ àgbà 17 ni ó kọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Bí ó bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún un ní àga.